Ìgò Oyin Abẹ́ Ìrọ̀rí

Nígbà tí Màmá Mùsílímátù gbọ́ pé Rùqáyyàh, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti bímọ ọkùnrin ní Moniya, ìgò oyin ló kọ́kọ́ dì sínú ẹrù kó tó di aṣọ. Ojúlówó oyin ni, láti oko wọn ní Akanran. Àmọ́ kò tíì jókòó tán tí Rùqáyyàh fi sọ fún un pé nọ́ọ̀sì ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ lá oyin. Màmá ní òun gbọ́. Gbogbo ọmọ márààrún tí òun bí ló lá oyin, kí ló ṣe èyíkéyìí nínú wọn? Ó fi ìgò náà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì ń fi ìka tọ́ ọ sí ọmọ náà, Khàlíl, lẹ́nu láràárọ̀, bí ìyá rẹ̀ bá ti wọ ilé ìwẹ̀.

Khàlíl pé oṣù mẹ́ta, ni kò bá yàgbẹ́ mọ́. Ọjọ́ kẹrin, Màmá fi kún oyin, kí inú ọmọ lè rọ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọmú Rùqáyyàh le koko nítorí ọmọ kò lágbára láti fà á. Igbe rẹ̀ kò ju ti ọmọ ológbò lọ, ọrùn rẹ̀ kò sì dúró. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù.

"Ṣé ẹ ti fún un ní oyin rí?" Dókítà ló béèrè.

"Rárá, mà," ni Rùqáyyàh dáhùn.

Bí Màmá bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bó bá sì sọ ọ́, wọn ò ní gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́ mọ́ láé. Ó wo àyà Khàlíl, bó ṣe ń fi tipátipá mí.

"Èmi ni," ó ní. "Àràárọ̀ ni mò ń fún un. Ẹ dákun, ẹ bá wa gbà á là."

Dókítà ṣàlàyé pé kòkòrò kan tí ojú kò lè rí máa ń wà nínú oyin nígbà mìíràn. Inú àgbàlagbà ń borí rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìfun ọmọ ọwọ́, ṣe ló máa ń bí sí i, tí oró rẹ̀ á sì mú gbogbo iṣan ara rọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ ran Khàlíl lọ́wọ́ láti mí, wọ́n sì ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fún un ní omi ọmú gba imú. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni. Màmá ń fọ aṣọ, ó ń gbé oúnjẹ wá, kò sì súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ.

Ọjọ́ tí wọ́n délé, Rùqáyyàh kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Màmá, inú ṣì ń bí mi sí yín. Ṣùgbọ́n dókítà ní bí ẹ ò bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ibòmíràn làwọn ì bá máa wá àìsàn náà kiri títí ẹ̀pa ò fi ní bóró mọ́. Ẹ ṣeun, Màmá."

Ó gbé Khàlíl pọ̀n sí Màmá lẹ́yìn, ó sì bá a fi ọ̀já dì í.

Kò pẹ́ rárá tí ìgbẹ́ gbígbóná fi ń ṣàn sí Màmá lẹ́yìn, ó gba inú ìró wọ bùbá. Rùqáyyàh nawọ́ láti gba ọmọ.

"Fi í sílẹ̀," ni Màmá wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Alihamudulilahi. Jẹ́ kó ṣe é tán."