Páìpù Tó Kérora ní Ejìnrìn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi ti àbúrò ìyá mi mọ́lé. Bírò mi ni, ọwọ́ mi ni, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ orúkọ mi. Inú tó ń bí mi sí Ẹnjiníà Yasir kò tó ìdajì èyí tó ń bí mi sí ara mi. Bẹ́ẹ̀ èyí tó ń bí mi sí Yasir gan-an, bí mo bá gbé e sábẹ́ ìkòkò, á se ẹ̀wà jinná.

Ọdún méje ni mo fi ṣe ẹ̀rọ náà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Itamaga, ní Ìkòròdú, lẹ́yìn àwọn tó ń ta táyà. Epo rọ̀bì kì í ṣe omi. Ọ̀rá wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là, bí òtútù bá sì ti mú un, á ki bí ẹ̀kọ tó ti tutù. Àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń dáná sí i kó lè ṣàn, wọ́n á máa jó epo dísẹ̀lì tọ̀sán-tòru. Tèmi kò nílò ìdáná. Àsẹ́ irin méjì ni mo fi sínú páìpù, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, mo sì gbé iná mànàmáná tó le gan-an sáàárín wọn. Iná yẹn á mú kí ọ̀rá wẹ́wẹ́ inú epo so mọ́ra, kí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn sí ọ̀nà tí epo ń lọ, epo á sì ráyè ṣàn. Ó ṣiṣẹ́. Mo fojú mi rí i, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì.

Yasir ló ni ilé-iṣẹ́ tó gbà mí síṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ dán ẹ̀rọ náà wò lórí páìpù gidi, èyí tó gba etí ọ̀sà Ejìnrìn kọjá, ó ní kí n dúró ní Ìkòròdú. "Màdáámù Baseerah, sáìtì ò dáa fún obìnrin. Ẹrẹ̀ pọ̀ níbẹ̀." Ẹrẹ̀! Èmi tí wọ́n tọ́ ní Ejìnrìn, tí mo ti ń wa ọkọ̀ ojú omi kí n tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn! Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti Àbújá, wọ́n máa ya fọ́tò, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè pé ta ni obìnrin yẹn. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dákẹ́. Mo rò pé bí ẹ̀rọ náà bá ti ṣiṣẹ́, orúkọ mi á jáde fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n tan án, páìpù bẹ́ ní Ejìnrìn. Epo dúdú bo etí omi, ó bo àwọ̀n, ó bo ẹja. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, Yasir fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ìwé kan wá bá mi ní Itamaga. Ó ní àwọn olè epo ló gé páìpù, wọ́n sì ti mú ọ̀kan nínú wọn, kí n sáà fọwọ́ sí i pé ẹ̀rọ náà dára, pé kò lè ba páìpù jẹ́. Orúkọ mi wà lókè ìwé náà gàdàgbà pé èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i nínú ìwé ilé-iṣẹ́ náà. Tíì tí mo gbé fún un kò tíì tutù tí mo fi fọwọ́ sí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n pè mí láti Ejìnrìn. Bọ̀ọ̀dá Sàlímọ́nù ni olè epo tí wọ́n mú.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ Bọ̀ọ̀dá Sàlímọ́nù, apẹja ni. Òun ni àbúrò ìyá mi, òun náà ló tọ́ mi dàgbà nígbà tí ìyá mi kú. Bí ẹja inú àwọ̀n ẹlòmíì bá fò sínú ọkọ̀ rẹ̀, á wá olówó àwọ̀n náà kiri títí á fi rí i. Òun ni wọ́n pè lólè!

Àárọ̀ kùtù ni mo wọ mọ́tò ní ibùdókọ̀ Agric, mo dé àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n tì í mọ́ ní Ẹ̀pẹ́. Mo bá Yasir níbẹ̀, ó jókòó gẹlẹtẹ, ó ti tẹ́ ìwé mi síwájú Ìnísípẹ́kítọ̀ Agnes, ọlọ́pàá obìnrin tí ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n mú bọ̀ọ̀dá mi jáde. Epo ti gbẹ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Yasir ò mọ̀ pé ìbátan ni wá. Ó rò pé òun ni mo wá gbè lẹ́yìn, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ìnísípẹ́kítọ̀, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà nìyí," ó ní. "Kí ọkùnrin yìí wá ṣàlàyé. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá àwọn ọlọ́dẹ wa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ, pé páìpù máa bẹ́. Kò tó wákàtí méjì, ó bẹ́. Ṣé wòlíì ni? Bí kì í bá ṣe òun ló gé e, báwo ló ṣe mọ̀?"

Ẹni tó wá kìlọ̀ fún wọn ni wọ́n dì mú!

"Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀?" Agnes bi í.

"Mo gbọ́ ọ ni. Mo ti àjẹ̀ bọ omi, mo fetí lé e."

Yasir bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ èmi gan-an. Nílé wa, wọn kì í da àwọ̀n láìkọ́kọ́ gbọ́ ohun tí omi ń sọ. Wọ́n á dá ọkọ̀ dúró, wọ́n á ki abẹ àjẹ̀ bọ omi, wọ́n á fi etí ti orí rẹ̀. Àwọn ẹja kan wà tó máa ń kùn nísàlẹ̀, igi àjẹ̀ ló ń gbé ohùn wọn gòkè.

"Ó pẹ́ tí mo ti mọ ohùn páìpù yẹn," bọ̀ọ̀dá mi ń bá ọ̀rọ̀ lọ, bí ẹni pé kò gbọ́ ẹ̀rín. "Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé nǹkan tuntun yẹn dé, ohùn rẹ̀ fúyẹ́, ó ń lọ wẹ́rẹ́. Mo ní wọ́n ti tún un ṣe. Lọ́jọ́ kejì, mo kírun Àsùbáà tán, mo bọ́ sójú omi, ohùn ti yí padà. Ó ń kérora bí obìnrin tó ń rọbí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, àjẹ̀ ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo lọ sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n jókòó, mo jókòó. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fún mi lómi mu ni."

Ẹ̀rọ mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò lè fúyẹ́ lónìí kó máa kérora lọ́la. Mo kọjú sí Yasir. "Sà, kí lẹ yí padà lọ́jọ́ kejì?"

"Kí la yí padà? Àsẹ́ yín yẹn ló ń dí, ká máa pa ẹ̀rọ, ká máa fọ̀ ọ́. Àlejò sì ń bọ̀! Mo ní kí wọ́n yọ wọ́n, kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ méjì síbẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí epo máa gba àárín kọjá. Iná kan náà ni. Ó tiẹ̀ mọ́ ju tiyín lọ."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń retí ìyìn. Mi ò mọ ìgbà tí mo fọwọ́ lu tábìlì ọlọ́pàá.

"Ibi tí iná bá kọjú sí ni ọ̀rá máa tò sí!" Mo yíjú sí Agnes. "Màdáámù, báwọn èèyàn bá tò tẹ̀lé ara wọn lójú títì, ọ̀nà á gbà wọ́n. Bí wọ́n bá wá di ọwọ́ ara wọn mú, tí wọ́n dábùú títì láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ta ló máa kọjá? Èmi mú iná kọjú sí ọ̀nà tí epo ń lọ. Ọ̀gá mú un dábùú. Epo ki, àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ tó ń tì í sì ń fi agbára kún agbára, títí oríkèé páìpù tó ti gbó fi bẹ́. Kò sẹ́ni tó gé e."

Agnes mí kanlẹ̀. "Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́," ó ní. "Òkè la ti ń wò látàárọ̀."

"Ìwọ lo fọwọ́ sí èyí," Yasir ní. Mo ti di 'ìwọ'. "Ó dáa, kọ òmíràn. Kọ ọ́ pé ẹ̀rọ rẹ ló bẹ́ páìpù, ká wo ilé-iṣẹ́ tó máa tún fọwọ́ kàn án. Ọdún méje á wọlẹ̀ lọ báyìí."

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì jẹ́ kí orí mi gbóná jù. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè apá ibi tí iná kọjú sí. Wọ́n á kàn ní ẹ̀rọ obìnrin yẹn ló ba omi Ejìnrìn jẹ́. Agnes ti bébà síwájú mi. Ó ní ohun tí mo bá kọ lòun máa fi tú bàbá sílẹ̀, kí n rò ó dáadáa.

Kí ni mo fẹ́ rò? Mo kọ ọ́. Mo kọ bí mo ṣe to àsẹ́, mo kọ bí wọ́n ṣe yọ ọ́, mo kọ pé mi ò débẹ̀ wò kí n tó fọwọ́ sí ìwé àkọ́kọ́. Mo tẹ bírò débi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya bébà. Yasir dìde pé òun ní ìpàdé. Agnes ní kó padà jókòó.

Kó tó di àkókò ìrun Àyílà lọ́sàn-án, wọ́n ti tú bọ̀ọ̀dá mi sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún un níwájú géètì, mò ń retí kó gbé mi dìde bó ṣe máa ń ṣe. Kò fọwọ́ kàn mí.

"Ìwọ lo ṣe nǹkan yẹn?"

"Èmi ni, sà. Wọ́n gbé e sódì ni. Bí wọ́n bá gbé e bó ṣe yẹ, ó máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ lọ́jọ́ kìíní."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá ó máa ṣiṣẹ́." Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. Bí inú bá ń bí i, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. "O mọ̀ pé omi wa ni wọ́n ń gbé e lọ?"

"Mo mọ̀, sà."

"Wákàtí mélòó ni Ìkòròdú sí Ejìnrìn?"

"Kò ju wákàtí kan lọ, sà."

"Kí ló dé tí o ò wá?"

Ẹrẹ̀, àlejò, fọ́tò, Yasir ní sáìtì ò dáa fún obìnrin: gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi, kò sì sí èyí tí mo lè sọ fún ọkùnrin tó sùn sí àhámọ́ nítorí orúkọ mi. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gba gáréèjì lọ láti wọ mọ́tò Ejìnrìn, èmi sì wà lórí ìkúnlẹ̀.