Ẹni Tí Kì Í Ṣi Ìyàwó Dá Padà

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń pe ijó," ni Wendell Krebs wí sínú máíkì, ó na ìka sókè bí ẹni tó fẹ́ fi gún òrùlé. "N kò dá ìyàwó ẹnikẹ́ni padà sọ́wọ́ ọkọ ẹlòmíì rí! Ẹ jẹ́ kí n pò yín pọ̀ bí ẹyin àti ìyẹ̀fun, màá yọ ẹyin náà jáde, tòun tèèpo rẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni, nínú gbọ̀ngàn abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Plum Fork, Nebraska, níbi tí òórùn kọfí ti ń bá òórùn ọ̀dà ilẹ̀ jìjàkadì. Agbo mẹ́rin ni yóò tò, tọkọtaya mẹ́rin nínú agbo kọ̀ọ̀kan. Ijó onígun mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ jó, kì í sì í ṣe ti ọmọ àná. Ti ìpele gíga ni, èyí tí àṣẹ apèjó, ẹni tó ń ké ìgbésẹ̀ fún àwọn oníjó, máa ń rọ̀ bí òjò yìnyín, tó jẹ́ pé kí o tó ronú lórí ọ̀kan, méjì ti kọjá lórí rẹ.

Agbo mẹ́ta jẹ́ ti onílé. Ìkẹrin wá láti Kansas, Ione Stucky ló kó wọn wá, gbogbo ilé ló sì mọ ohun tó gbé Ione wá. Apèjó ni òun náà. Bí wọ́n bá jó tán, wọn yóò nawọ́ sókè láti yan ẹni tí yóò máa pe ijó fún Plum Fork lọ́dún tó ń bọ̀: Wendell tàbí Ione. Wendell ló sì kọ́ Ione níṣẹ́! Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń ta á lára bí ata.

"Ione," ló ké sí i látorí pẹpẹ, "ṣé o rántí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ẹ?"

"Mo rántí, ọ̀gá. Bí agbo bá túká, apèjó ló jẹ̀bi."

"Ọmọ dáadáa! Tóò, torí tìẹ, agbo yín gan-an ni màá fi ṣe ojú lónìí."

Ọ̀rọ̀ ojú yìí ni àṣírí iṣẹ́ náà. Tọkọtaya méjì péré ni apèjó máa ń mú sórí nínú agbo kan. Á da gbogbo wọn rú títí ọkọ kò fi ní mọ ibi tí ìyàwó gbà. Lẹ́yìn náà, á wá àwọn méjì yẹn lójú, á máa fi àṣẹ tì wọ́n díẹ̀díẹ̀ lọ sílé. Bí àwọn yẹn bá ti délé, gbogbo ayé délé, torí àṣẹ kan náà ni gbogbo agbo ń jó.

Àmọ́ láti ìgbà òtútù èṣí ni ojú àwọn ènìyàn ti ń yọ́ kúrò lọ́kàn Wendell bí yìnyín lójú fèrèsé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti wakọ̀ kọjá ṣọ́ọ̀ṣì yìí tí kò mọ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara rẹ̀ ní ìlú kejì. Kò sọ fún ẹnì kankan. Bírò ló fi ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Tọkọtaya oníjó a máa wọ aṣọ àwọ̀ kan náà, nítorí náà, àtẹ́lẹwọ́ ló ń kọ àwọ̀ náà sí: "Pupa. Búlúù." Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá "pupa" lára ìrọ̀rí. Kó tó di ọ̀sán, Arlys ìyàwó rẹ̀ ti fọ aṣọ ìrọ̀rí náà. Kò bi í ní nǹkan kan. Wendell dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé obìnrin náà kò fura.

Lónìí, bó ṣe rí Ione àti ọkọ rẹ̀ tó kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó yára kọ àwọ̀ wọn: "Àlùkò." Ó ti bírò bọ àpò. Ìgbà náà ni àwọn mẹ́fà yòókù wọlé. Gbogbo wọn wọ elése àlùkò.

Ẹni tó ti fọ́nnu kò lè bẹ̀bẹ̀ mọ́. Orin bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ yọ́! Ẹ rá bí ejò! Ọkùnrin sáré, obìnrin yí po! Ẹ la àárín kọjá, ẹ má wẹ̀yìn!"

Bàtà ń ha ilẹ̀, yẹ̀rì ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Wendell yọ́jú wo ọwọ́. Ọwọ́ ní àlùkò. Ó wo agbo. Agbo ní àlùkò. Obìnrin awò ojú yẹn, ṣé ti ọkùnrin apárí ni àbí ti onírùngbọ̀n? Òógùn bọ́ sí i lójú. Orin fẹ́ tán. Ó di ojú, ó ké gbàjarè:

"Ẹ fọwọ́ òsì kí aládùúgbò, kí oníkálukú gba tirẹ̀!"

Agbo mẹ́ta onílé dúró wámúwámú, ọkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó. Ní agbo Kansas, ọkùnrin apárí ló gba Ione. Ọkọ Ione sì di onírùngbọ̀n lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì ń wo ara wọn bí ẹni tó pàdé nílé ìwẹ̀.

Ara Wendell balẹ̀ wọ̀ọ̀. Mẹ́ta sí ọ̀kan!

"Ẹ̀yin ará Kansas, ta ló ṣẹ́ yín lójú? Ilé ni mo ní kẹ́ ẹ lọ, ẹ yà sílé onílé!"

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá," ni Ione wí jẹ́jẹ́, "ohun tẹ́ ẹ pè la jó."

"Irọ́ ni! Báwo wá làwọn wọ̀nyí ṣe délé?"

"Èmi náà fẹ́ bi wọ́n."

Ardell Voss, alága ẹgbẹ́, ń wo okùn bàtà rẹ̀.

"Ardell?"

"Wendell, páì yẹn ti ń tutù o..."

"Ardell!"

Arlys ló jáde láti agbo àkọ́kọ́. "Ó ti lé lọ́dún kan, Wendell. Bí o bá ti ṣìnà, a ó tún ara wa tò kí o tó gbójú sókè."

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo wa." Ó mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó là á. Òógùn ti sọ àlùkò di ẹrẹ̀. "Ìrọ̀rí mẹ́rin ni mo ti fọ̀, olólùfẹ́."

Wendell ní kí ilẹ̀ là kó gbé òun mì, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀. Àtẹ́wọ́ ọdún kan gbáko, sàráà ni!

Ardell rí i pé afẹ́fẹ́ ti fẹ́, ó kúkú gbé àyà sókè. "Má jẹ́ kó dùn ẹ́! Ètò ni, kì í ṣe jágbajàgba. Agbo kẹta ń wo ìkejì, ìkejì ń wo àkọ́kọ́, àkọ́kọ́ ń wo Merle. Etí Merle kì í tàsé! Plum Fork ò túká rí!"

Àwọn onílé mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Merle Haugen, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ni ẹnìkejì Arlys nínú ijó láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú.

Wendell sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ, máíkì lọ́wọ́. "Kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ nawọ́ sí. Bí agbo bá túká, apèjó ló jẹ̀bi. Mo ti gbé e sílẹ̀."

Omi lé ròrò sójú Ione. "Ọ̀gá, èmi ò ní gbà á báyìí."

"Ta ló ń fún ẹ? Ẹni tó ń kó wọn délé ló ni ín."

Ó lọ tààrà bá Merle, ó fi máíkì náà sí i lọ́wọ́. Gbogbo ilé hó yèè. Merle wo máíkì, ó wo ẹnu Wendell.

"Sọ̀rọ̀ sókè," ni Merle wí. "Bátìrì ẹ̀rọ etí mi ti kú láti Kérésì èṣí. Arlys ni mo máa ń wò."

Gbogbo ojú yí sí Arlys.

"Merle lèmi ń wò," ni Arlys wí.