Ohun Tí Bàbá Sọ ní Pálọ̀

"Bàbá Níkẹ́, ṣé ọmọ yín kọ́ nìyẹn?"

Alàgbà kan nínú ẹgbẹ́ ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì ni ó béèrè bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀ Oyètúndé ní Peckham, ní ìlú London, nígbà tí irun orí Oyètúndé ṣì dúdú. Ó na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. Nínú ètò tí wọ́n ti ká sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà, ọmọbìnrin kan jókòó sórí àga gíga, àwọn ọmọ òyìnbó yí i ká, wọ́n ń pariwo. Lójijì ni garawa kan dojú dé lókè. Nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń fà bí ọbẹ̀ ilá dà lé ọmọbìnrin náà lórí, ó ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó yọ ahọ́n sí àwọn ọmọ náà, ẹ̀rín sì pa wọ́n dé ilẹ̀.

Oyètúndé fúnra rẹ̀ ni ó pe àwọn àlejò náà. Nígbà tí Oyèníkẹ́ sọ fún un pé òun ti di presenter ní tẹlifíṣọ̀n, ó rò pé ìròyìn ni ọmọ òun yóò máa kà. Ìwé mẹ́rin péré ni bàbá náà fúnra rẹ̀ kà kí ó tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ìgbájọ. Bọ́ọ̀sì ni ó ń fọ̀ ní London. Ó ti fọ́nnu káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun yóò máa wọ kóòtù, yóò máa sọ ohun tí ìjọba ń ṣe fún aráyé. Wàyí o, ọmọ tí ó bí nílé oyè ni wọ́n ń da ẹrọ̀fọ̀ lé lórí lójú gbogbo ayé.

"Rárá o," ni Oyètúndé dáhùn. "Ó kàn jọ ọ́ ni. Kì í ṣe ọmọ mi. Ta ló máa bí irú èyí?"

Àwọn alàgbà rẹ́rìn-ín. Oyètúndé nìkan ni ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà kíṣíìnì, òun nìkan ni ó sì rí Oyèníkẹ́ tó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú tírè mít-páì lọ́wọ́. Ọmọ náà rọra gbé tírè náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, nígbà tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ń kọjá ní ìparí ètò náà, Nikki nìkan ni wọ́n kọ fún Oyèníkẹ́. Kò sí Oyè níwájú rẹ̀, kò sí orúkọ bàbá lẹ́yìn rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Oyètúndé ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. "Níkẹ́ ta orúkọ mi fún òyìnbó," ni ó ń wí fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ọmọ náà. Kò sọ ohun tó ṣáájú, kò sì sí ẹni tí yóò bi í. Ìyá wọn ti kú. Oyèwálé, àbúrò Níkẹ́, wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà nígbà yẹn. Oyètúndé sọ ọ́ títí inú fi ń bí i nítòótọ́, bí ẹni pé òun ni wọ́n ṣẹ̀.

* * *

"Grandpa, she's asking you!"

Tamílọ́rẹ, ọmọ Oyèwálé, ni ó ń sọ̀rọ̀. Ilé Oyèwálé àti Dóyin ìyàwó rẹ̀ ní Castleridge, ní ìlú Calgary, ni wọ́n wà báyìí, níbi tí Oyètúndé ti ń gbé láti ìgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì. Snow ti bo ọkọ̀ níta. Tamílọ́rẹ gbé tablet sórí tábìlì, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń wo ètò àtijọ́ kan. Oyèníkẹ́ jókòó sórí rọ́ọ̀gì nínú rẹ̀, ó gbé pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi òwú hun, tó dé fìlà, lé itan.

"What colour is his hat?" ni Oyèníkẹ́ inú tablet béèrè, ó sì dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ń wo iwájú tààrà, bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn láyé ju ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ lọ.

Oyètúndé, tó ti kọ ẹ̀yìn sí i láti àárọ̀, yíjú díẹ̀. Ó mu tíì. Ìdákẹ́jẹ́ náà ń fà á létí.

"Pupa ni," ni ó kùn nínú ife.

"Well done! Clever you!"

"Grandpa got it right!" Tamílọ́rẹ fò sókè. "Auntie! Auntie! He got it right!"

Oyèníkẹ́ gan-an ni ó ń gòkè bọ̀ láti basement, yàrá abẹ́ ilé. Ó rẹ́rìn-ín sí ọmọ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé iwájú Oyètúndé, ẹ̀rín náà ti pòórá. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀."

"Ṣé ẹ sùn dáadáa, sà?"

"A dúpẹ́."

Báyìí ni ó ti ń kí i láti ọjọ́ tí ó ti dé. Ènìyàn kò lè rí àbùkù kankan nínú ìkíni náà. Bí ọmọlúàbí ṣe ń kí bàbá aládùúgbò ni.

Ìsinmi ni ó bá wá sí Calgary. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti fi òpin sí ètò rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ garawa, ó bọ́ sí ètò àárọ̀ Sátidé, kí ó tó wá di ẹni tí gbogbo ọmọ kéékèèké ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀, tó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń fọ eyín, bí a ṣe ń sọ pé ẹ̀rù ń bà wá. Àwọn ọmọ ti kó lọ sórí fóònù báyìí. Ilé iṣẹ́ náà fún un ní òdòdó, wọ́n ní ó ṣeun. Kò bímọ, kò sì lọ́kọ mọ́. Ọ̀la ni yóò padà.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ náà, bí Oyèwálé ṣe ń fi ṣọ́bìrì kó snow kúrò lẹ́nu gáréèjì, bàbá rẹ̀ dúró tì í pẹ̀lú fìlà tó bò ó létí.

"Dádì, mo ní kí Ẹ̀gbọ́n Níkẹ́ wá máa gbé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn daycare tó ń tọ́jú ọmọ kéékèèké níbí á máa jà lé wọn lórí. Basement yẹn ò ní ẹnikẹ́ni."

"Kí ló wí?"

"Wọ́n sọ fún Dóyin pé àwọn ò lè máa ṣe àlejò nílé bàbá àwọn. Pé tí ọ̀rọ̀ yìí ò bá parí kí àwọn tó wọ flight lọ́la, àwọn ò ní padà wá mọ́." Oyèwálé fi ṣọ́bìrì gún ilẹ̀. "Dádì, tiyín ńkọ́? Ẹ ò fẹ́ kó parí ni?"

"Ẹni tó ta orúkọ mi ni kó wá tọrọ àforíjì."

"Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti pe Ẹ̀gbọ́n Bọ́lárìnwá. Wọ́n ti ń bọ̀ láti Okotoks."

Bọ́lárìnwá jẹ́ ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ epo, àgbà tó ń bá àwọn ọmọ Yorùbá parí ìjà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Kò tíì bọ́ bàtà tán lẹ́nu ọ̀nà tí ó fi rí Oyèníkẹ́.

"Ah! Nikki! Ṣé ìwọ kọ́ nìyí?" Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Wálé, o ò sọ fún mi pé Nikki ni ẹ̀gbọ́n ẹ! Ìwọ lo bá mi tọ́ àwọn ọmọ mi ní London, arábìnrin! Ìyàwó mi wà ní hospital, èmi wà ní shift, ìwọ lò ń fi tẹlifíṣọ̀n bá wa mú wọn jókòó. Adésọjí kọ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà lọ́wọ́ ẹ. Ó ti di dókítà báyìí, bó ṣe ń so ó náà nìyẹn!"

"Etí ehoro méjì, kí a wá so wọ́n pọ̀, sà?"

"Òun gan-an!"

Oyèníkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Oyètúndé kò tíì gbọ́ ẹ̀rín náà láti ọjọ́ tó ti dé. Ó wo ọkùnrin tí kò bá a tan, tó ń fi Oyèníkẹ́ yangàn bẹ́ẹ̀, ó sì wo ibòmíràn.

Dóyin ní kí Tamílọ́rẹ lọ ṣeré ní yàrá. Gbogbo wọn jókòó. Bọ́lárìnwá tún ohùn ṣe.

"Níkẹ́, mo ti gbọ́ ẹjọ́ yìí lẹ́nu àbúrò ẹ. Mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Orúkọ bàbá ẹni, a kì í bọ́ ọ sílẹ̀ bíi kóòtù. Iṣẹ́ tó dáa lo ṣe, àmọ́ Bàbá ni Bàbá. Àgbà kì í bẹ ọmọdé nílẹ̀ wa. Kúnlẹ̀, kí o bẹ̀ wọ́n, kí a jẹ ìrẹsì Dóyin kó tó tutù."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́," ni Dóyin wí. "Ẹ bá wa ṣe é."

Oyèníkẹ́ wo bàbá rẹ̀. Oyètúndé ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Ó mọ ohun tó wà lẹ́nu ọmọ náà. Gbólóhùn kan ni. Ó ti ń retí rẹ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ó tilẹ̀ ti mọ bí òun yóò ṣe jiyàn: òun kò rántí, kò dá òun lójú, tẹlifíṣọ̀n ń pariwo jù lọ́jọ́ náà.

Oyèníkẹ́ kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì.

"Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo jẹ̀bi. Èmi ni mo yọ orúkọ yín kúrò. Ìwà ọmọdé ni."

"Ó parí!" Bọ́lárìnwá pàtẹ́wọ́. "Ọmọ gidi. Bàbá, ó kù sọ́wọ́ yín. Ẹ súre fún un."

Oyètúndé la ẹnu láti súre. Ẹjọ́ tí ó ti ń rò láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú ni wọ́n dá a láre yìí, kò sì ku nǹkankan ju kí ó sọ pé Olúwa yóò bùkún ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà tẹríba, ó sì rí i pé ewú ti wà ní ìpàkọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kò tú òun ní ìhòhò lójú àlejò. Nígbà tí ó kan òun ní Peckham, lójú àlejò ni òun ti tú u.

"Dìde," ni ó wí. "Dìde, ìyá mi. Má kúnlẹ̀ fún mi."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó kúnlẹ̀ gba àdúrà," ni Bọ́lárìnwá wí.

"Mo ní kó dìde."

Oyèníkẹ́ gbójú sókè. Ó mi orí sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ fi sílẹ̀, sà. Ó ti parí."

"Kò parí." Oyètúndé yíjú sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. "Wálé, ìdajì ni mo ń sọ fún ọ. Mo pe àwọn ènìyàn wá wò ó ní Peckham. Ohun tí mo rí tì mí lójú. Wọ́n ní ṣé ọmọ mi nìyẹn."

"Dádì, kí lẹ wí fún wọn?"

Bọ́lárìnwá ti sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Mo ní kì í ṣe ọmọ mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú wa ṣe mẹ́rin, mi ò sì yí ọ̀rọ̀ mi padà. Lẹ́yìn náà ló tó yọ orúkọ mi." Ó kọjú sí ọmọbìnrin náà. "Èmi ni mo kọ́kọ́ sẹ́ ẹ, Níkẹ́. Èmi ni mo jẹ̀bi ẹ."