Ọ̀rọ̀ Wínníwínní Lára Pátákó

Nígbà tí Àríyìkẹ́ rí alùpùpù ìgbìmọ̀ ìlú tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, gálọ́ọ̀nù epo tó kó pamọ́ sẹ́yìn ilé ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ó fi aṣọ nu ọwọ́, ó sì jáde síta.

“Ìyá Sikirath,” ni ọkùnrin tó wà lórí alùpùpù náà wí, kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, “Kàmáráàdì Siméon ní kí ẹ máa bọ̀.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Wọn ò sọ fún mi. Wọ́n ní kí n gbé yín wá báyìí-báyìí ni.”

Ó pe Sikirath ọmọ rẹ̀ pé kó wá jókòó ti ọjà, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì gun ẹ̀yìn alùpùpù. Bí wọ́n ṣe ń lọ, ojú àwọn aládùúgbò ń tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kí i.

Ìlú le nígbà náà. Oṣù kejì ọdún 1977 la wà. Ní oṣù tó ṣáájú, láfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Àìkú kan, ọkọ̀ òfuurufú kó àwọn ajagun àjèjì wá sí Kútọnu, wọ́n yìnbọn títí kí wọ́n tó sá lọ. Láti ọjọ́ náà ni ojú tí wọ́n fi ń wo àlejò ti yí padà jákèjádò ilẹ̀ Benin, Savalou náà ò sì gbẹ́yìn. Ṣakí ni Àríyìkẹ́ ti wá, ó ti ń ta bẹntiróò àti kẹrosíìnì nílùú náà kí wọ́n tó bí Sikirath. Síbẹ̀, wọ́n ti pe méjì nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bi léèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀kan padà wá, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Nàìjíríà láì dágbére. Ìkejì, Jimoh tó ń tún rédíò ṣe, kò tíì padà.

Nígbà tó wọ ọ́fíìsì ìgbìmọ̀, ohun tó rí yà á lẹ́nu. Pátákó ìkọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n gbé wá, odindi pátákó dúdú, wọ́n fi ti ara ògiri, ìwé tí wọ́n fi ẹfun kọ sí i ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Nathanaël jókòó sórí ilẹ̀. Ọmọ Bantè ni, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ Àríyìkẹ́ ló ti ń ra epo sí mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré rẹ̀. Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ sì ti já. Lẹ́bàá fèrèsé, ọ̀gá àwọn jàndáàmù, ìyẹn àwọn ọlọ́pàá ológun, àgbà ọkùnrin tí orí rẹ̀ ti funfun, ń fi fìlà iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Àwọn mẹ́ta mìíràn dúró pẹ̀lú ìbọn.

Siméon, alága ìgbìmọ̀, ló sọ̀rọ̀. Èdè Mahi, èdè ìbílẹ̀ Savalou, ló fi sọ ọ́, Àríyìkẹ́ sì gbọ́ ọ dáadáa.

“Ìyá Sikirath, gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀ yẹn fún wa. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́.”

Òótọ́ ni pé gbogbo ìlú mọ̀. Àríyìkẹ́ fúnra rẹ̀ ló rí sí i pé wọ́n mọ̀. Ó ka ìwé mẹ́fà ní Ṣakí, bí awakọ̀ ará Nàìjíríà bá sì dé, Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi kí i, tòun ti ohùn òkè, kí àwọn aládùúgbò lè gbọ́. Ó súnmọ́ pátákó.

They will come at dawn.
They will come on Sunday.
They will come in March.
They will be here by Sunday.
They will be here until Sunday.

Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ mú ọkùnrin náà ti yé e.

“Ẹ kà á!”

“Wọ́n ń bọ̀ láfẹ̀mọ́júmọ́,” ló wí. Ọ̀kan nínú àwọn oníbọn pòṣé. “Wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ń bọ̀ lóṣù Máàsì.”

“Àwọn wo?”

“Kò sí i níbẹ̀.”

Siméon fi ìka sórí ìlà kẹrin. “Èyí ńkọ́?”

“Wọ́n á wà níbí lọ́jọ́ Àìkú.”

“Ṣé ohun kan náà lòun àti ìlà kejì tó wà lókè?”

“Ohun kan náà ni,” ni Àríyìkẹ́ wí. Kò ronú sí i rárá. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ ọ́ ní gáréèjì Ṣakí nìyẹn. Ẹni tó bá ní “by two o’clock”, agogo méjì ló ń wí.

Siméon fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì. “Ẹ gbọ́ o! Láti àárọ̀ ni ọkùnrin yìí ti ń sọ fún wa pé wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ó ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn lòun ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wá sọ pé kò sí ìyàtọ̀. Kí ló dé tí èèyàn á fi kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, bí kì í bá ṣe àmì ló ń pa fún ẹnìkan?” Ó yíjú sí àwọn oníbọn. “Ọkọ̀ ń bọ̀ láti Kútọnu nírọ̀lẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kó bá wọn lọ.”

Nathanaël gbójú sókè, ó wo Àríyìkẹ́. Ó tún tẹrí ba.

Ìgbà yẹn ni Àríyìkẹ́ rántí Razack, awakọ̀ tó ń gbé epo wá fún un. Lọ́jọ́ kan, Razack ní òun ń bọ̀ “by Friday”. Ọjọ́ Àlàrùbá ló dé, Àríyìkẹ́ wà ní Tchetti, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, ló bá já ẹrù náà fún ẹlòmíràn. Wọ́n jà gan-an. Razack ń pariwo pé, “Mo ní kò ní kọjá Jímọ́ọ̀! Ṣé Àlàrùbá kọjá Jímọ́ọ̀ ni?” Àríyìkẹ́ pè é ní púrúǹtù lójú gbogbo èèyàn.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ló wí. “Mo ṣì í.”

Siméon rọra yíjú padà. “Kí lẹ ṣì?”

“Ìlà kẹrin yẹn. Kì í ṣe—”

“Ẹ ronú dáadáa o, Ìyá Sikirath. Ọmọ Nàìjíríà ni yín. Bí ẹ bá yí ọ̀rọ̀ padà nítorí ọkùnrin yìí, a jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ mọ Jimoh?”

Ó ronú kan Sikirath, tó jókòó ti ọjà, tó ń retí rẹ̀. Bó bá dákẹ́, á lọ sílé. Kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè mọ́. Ó fọwọ́ kan di etí tábìlì mú.

“Mo mọ̀ ọ́n,” ló wí. “Ṣùgbọ́n mo ṣì í. Gẹ̀ẹ́sì mi ò tó bí mo ṣe ń pariwo rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì gáréèjì ni. Ìlà kẹrin ò sọ pé ọjọ́ Àìkú gan-an ni wọ́n ń bọ̀. Tíṣà ló gbọ́ ọ, èmi ò gbọ́ ọ.”

Ọ̀gá jàndáàmù dá fìlà tó fi ń fẹ́ ara rẹ̀ dúró.

“Tíṣà,” ló wí, “dìde. Kọ́ ọ.”

“Sà?”

“Ṣebí iṣẹ́ rẹ ni. Kọ́ ìyá yìí níṣojú mi. Bí kò bá yé e, wàá bá ọkọ̀ lọ.”

Nathanaël fara ti ògiri dìde. Ó wá àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó rí ẹ̀rún ẹfun kan níbẹ̀, ẹfun náà bọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mú un.

“Ní Yorùbá tiwa,” ló wí, “ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ‘ní’, ló ń gbé gbogbo àkókò. Ní agogo méjì. Ní ọjọ́ Àìkú. Ní oṣù Máàsì. Òyìnbó ò gbà bẹ́ẹ̀. Àkókò tó bá kéré, tí èèyàn lè fi ọwọ́ agogo tọ́ka sí, ‘at’ ni. Ọjọ́ tó ní orúkọ, ‘on’ ni. Oṣù àti ọdún gba ọjọ́ púpọ̀ sínú bíi yàrá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo ‘in’.” Ó yíjú sí Àríyìkẹ́. “Ìyá Sikirath, bí mo bá ní kí ẹ bá mi wá epo ‘by Friday’, ọjọ́ wo lẹ lè gbé e wá?”

“Jímọ́ọ̀.”

“Bí ẹ bá gbé e wá lọ́jọ́ Àlàrùbá ńkọ́?”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

“Ọjọ́ Àbámẹ́ta?”

“Ó ti kọjá.”

“Ó ti kọjá. Bí mo bá wá ní ṣọ́ọ̀bù yín á ṣí ‘until Friday’?”

“Á ṣí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀.”

“Ọjọ́ Àtìní ńkọ́?”

Àríyìkẹ́ tún wo ìlà karùn-ún. Wọ́n gbọ́ ìró ọkọ̀ ńlá kan tó ń bọ̀ láti òpópó. Ọ̀kan nínú àwọn oníbọn lọ yọjú lójú fèrèsé.

“Kò... kò ní ṣí,” ni Àríyìkẹ́ wí.

“Rárá!” Nathanaël fi ẹfun lu pátákó. “Ẹ má sáré! Òní ni Àtìní, ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn. Mo ní títí di Jímọ́ọ̀. Ṣé ẹ máa tì í ni?”

“Mi ò ní tì í.”

“Lọ́la ńkọ́?”

“Á ṣì wà ní ṣíṣí. Bẹ́ẹ̀ lá ṣe máa wà ní ṣíṣí, títí Jímọ́ọ̀ á fi dé. ‘By’ ni pé kó má kọjá a. ‘Until’ ni pé kó máa bá a lọ títí dé ibẹ̀.”

“Ẹ̀n-ẹ́n!” ni Nathanaël wí. Ojú rẹ̀ tàn, bí ẹni pé inú kíláàsì ló wà. Lẹ́yìn náà ló rántí ibi tó dúró sí, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ sílẹ̀.

“Àwọn wo ló ń bọ̀?” ni Siméon bi í.

“Àwọn ará ìjọ wa ni mo ní lọ́kàn, àwọn onísùtánà funfun láti Pira. Akọrin ni wọ́n.”

Ọ̀gá jàndáàmù wò ó tìyanu-tìyanu. “Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kútọnu, o ò rí nǹkan mìíràn kọ ju àwọn tó ń bọ̀ láfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Àìkú?”

“Mi ò ronú síbẹ̀, sà. Ọ̀rọ̀ wínníwínní yẹn nìkan ni mò ń wò.”

Àgbà ọkùnrin náà dé fìlà rẹ̀, ó dìde. “Kò ní bá ọkọ̀ yẹn lọ. Ọ̀dọ̀ mi ló máa wà.”

“Ọ̀gá—” ni Siméon bẹ̀rẹ̀.

“Kàmáráàdì, ọ̀daràn tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ obìnrin yìí kò ní í jágbe mọ́ ọn nítorí pé ó ṣi ẹ̀kọ́. Ìyá, ẹ máa lọ sílé.”

Àríyìkẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé ilé. Nígbà tí Sikirath bi í pé kí ni wọ́n pè é fún, ó ní epo ni wọ́n fẹ́ rà. Ó wọ yàrá, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ títí ìmí rẹ̀ fi rọlẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí alùpùpù bá ti dún, á dá ohun tó ń ṣe dúró.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Nathanaël dé síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń ti mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ti rù. Ó di àpótí àti ẹní mọ́ ẹ̀yìn mobilẹ́ẹ̀tì náà.

“Wọ́n ní kí n padà sí Bantè,” ló wí. “Mi ò gbọdọ̀ kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì títí ilé ẹ̀kọ́ á fi gba ìsinmi. Oko ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni mo máa bójú tó.”

Àríyìkẹ́ rọ epo kún tánkì rẹ̀, kò fẹ́ gba owó. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, Nathanaël sì gbà.

“Tíṣà, ẹ forí jì mí.”

“Ẹ̀yin náà lẹ yọ mí.”

“Èmi ni mo kọ́kọ́ tì yín sínú rẹ̀.”

Nathanaël ò jiyàn. Ó so okùn ẹní rẹ̀ le, ó kí Sikirath pé ó dàbọ̀, ó sì wa mobilẹ́ẹ̀tì náà sí ojú ọ̀nà Bantè. Àríyìkẹ́ dúró síbẹ̀, ike epo wà lọ́wọ́ rẹ̀, títí oníbàárà mìíràn fi pè é lẹ́ẹ̀mejì.