Súìsì Abẹ́ Ìjókòó

Ẹ̀rọ ìgékoríko kan tí à ń gùn bí alùpùpù la fi ń gé pápá ilé ìwé wa, èmi sì ni mò ń wà á. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Mi ò bínú sí orúkọ náà, torí ẹni tó bá wò mí láti ẹ̀gbẹ́ lè rò pé mi ò tíì dé. Ẹ̀rọ yẹn gan-an kì í mọ̀ pé mo wà lórí òun. Súìsì kan wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀: bí ẹni tó ń wà á bá dìde, ẹ́ńjìnnì á kú, ọ̀bẹ abẹ́ rẹ̀ á dúró. Ṣùgbọ́n tèmi, bí mo bá ti gun ebè kékeré báyìí, tí ìdí mi fò díẹ̀, ó ti kú nìyẹn. Nǹkan bí ogún ìgbà lójúmọ́. Ọ̀gá ilé ìwé á sì dúró lójú fèrèsé, á máa wo aago.

Mo bá fi wáyà so súìsì náà mọ́lẹ̀, kó lè máa dà bí ẹni pé mo jókòó nígbà gbogbo. Ọgbọ́n ni mo pè é.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń tún ẹ̀rọ náà ṣe. Mẹkáníìkì ni wọ́n, àwọn náà ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Ọjọ́ tí wọ́n wá pọ́n ọ̀bẹ, wọ́n kọ́kọ́ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kí ẹ́ńjìnnì má baà ṣèèṣì jí mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n ha koríko gbígbẹ kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n pọ́n ọ̀bẹ títí ó fi ń dán, wọ́n wá ká ìjókòó sókè. Ojú wọn yí padà.

"Ta ló so èyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ yẹn ló ń fojú tẹ́ńbẹ́lú mi."

"Bí o bá ṣubú ńkọ́? Ọ̀bẹ yìí ò mọ ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí koríko."

Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ jàre, pé àwọn kọ́ ni ọ̀gá ń fojú burúkú wò. Wọ́n gé wáyà mi, wọ́n yọ sípíríǹgì ìjókòó tó le koko, wọ́n fi èyí tó rọ̀ sí i. Wọ́n ṣáná sí ẹ̀rọ, wọ́n ní kí n jókòó, kí n máa mi ara. Kò kú. Wọ́n ní kí n dìde. Ó kú.

"Ó ti mọ̀ ẹ́ wàyí," wọ́n wí.

Mi ò gbà. Bí wọ́n ṣe yíjú báyìí, mo mú wáyà mìíràn, mo fi sápò ṣòkòtò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ bá kú lọ́la, màá so ó padà.

Lọ́jọ́ kejì, òjò rọ̀ láàárọ̀. Mò ń gé koríko lọ, mò ń retí kó kú. Mo gun ebè, kò kú. Inú wá ń bí mi pé ẹ̀gbọ́n mi jàre. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n parí, mo dé ẹ̀gbẹ́ òkè tó sọ̀ kalẹ̀ sí gọ́tà. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ títí ẹnu fi bó wọn: kí n máa gùn ún lọ sókè, kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n má gbà á ní ìbú láé, kí n má sì débẹ̀ rárá bí koríko bá tutù. Mo gbà á ní ìbú. Àṣé ọ̀ṣọ́ lásán ni etí mi méjèèjì.

Táyà ẹ̀yìn yọ̀. Ẹ̀rọ gbé mi ṣánlẹ̀, ó sì wọ́ tẹ̀lé mi, ẹsẹ̀ òsì mi wọ abẹ́ ìdérí ọ̀bẹ. Mo dijú. Mo ní ó ti parí.

Ẹyẹ ni mo gbọ́. Kò sí ariwo kankan mìíràn. Mo rọra fa ẹsẹ̀ yọ, koríko tútù nìkan ló lẹ̀ mọ́ bàtà mi. Ọ̀bẹ náà wà níbẹ̀, ó dákẹ́, ó ń dán. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ kú lọ́jọ́ náà nìyẹn, mi ò sì sí lórí rẹ̀. Ara tù mí débi pé mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo sì kí ẹ̀rọ náà kú iṣẹ́.

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, mo rò ó fún wọn, mo yọ wáyà lápò, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n wò ó, wọ́n mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mò ń retí èébú. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n kúnlẹ̀ sínú ọ́ìlì tó dà sílẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì mi, wọ́n ń ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré. Nígbà tí wọ́n ka márùn-ún pé, wọ́n tún un kà.