Omi Tó Ń Kù fún Àwọn Ọmọ

Ní igbó Àlọ̀, gíga ni wọ́n fi ń mu omi. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, tí odò gbẹ, tó ku adágún kan ṣoṣo, Erin tó jẹ́ ọba ni yóò kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Ẹfọ̀n yóò tẹ̀ lé e, àwọn yòókù yóò sì máa wọ̀ ọ́ bí èjìká wọn ṣe ga sí. Àwọn ọmọ ló ń kẹ́yìn. Wọ́n ní ọ̀wọ̀ àgbà ni, ta ni yóò sì bá ọ̀wọ̀ àgbà jà?

Ohun tó ń ya èmi lẹ́nu ni pé ìlú náà fẹ́ràn ọmọ. Ọmọ kan kì í kú níbẹ̀ kí gbogbo ìlú má sunkún. Síbẹ̀, ọdọọdún ni inú ń run àwọn ọmọ, ọdọọdún ni wọ́n ń kú, ìgbìmọ̀ a sì pé jọ láti bi ara wọn léèrè ohun tó ń pa wọ́n.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àkọ́bí Ìgalà ti kú, ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ náà sì ti ń gbọ̀n. Ìgalà kò dúró de ìgbìmọ̀. Òun àti Òòrẹ̀ pẹ̀lú Òkété gbẹ́ kànga kékeré kan sí etí adágún, kí omi lè máa sun sínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Gbogbo òbí ló bá wọn kó yẹ̀pẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí àwọn ẹran ńlá ń lọ mu omi, wọ́n tẹ kànga náà pa. Wọn kò mọ̀ọ́mọ̀. Ojú ọ̀nà wọn ló wà.

Ìgalà bá kọrí sí ìgbìmọ̀. Ẹfọ̀n, olórí ìgbìmọ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ẹ jẹ́ kí àwa àgbà mu àmutẹ́rùn, èyí tó bá ṣẹ́ kù yóò kan àwọn ọmọ. Omi kò wọ́n wa. Inú àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni kò lágbára."

Ìgalà kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè. A ti gbẹ́ ohun tí agbára wa ká. Ọ̀nà tó gba orí kànga kọjá, ẹ̀yin nìkan lẹ lè yí i. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bèèrè: ta ni nínú yín ló ti rí omi tí àwọn ọmọ ń mu?"

Kò sí ẹni tó rí i rí. Ẹni tó bá ti mu tirẹ̀ tán, abẹ́ ìbòji ló ń lọ.

"Lónìí," ni Erin wí, "èmi ni n ó mu kẹ́yìn."

Ó dúró lóòótọ́. Àwọn ẹran ńlá wọ inú adágún, wọ́n rò ó pọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀, wọ́n jáde. Ìgbà tó kan ọmọ Ìgalà, ẹrẹ̀ ló fi ẹnu kàn. Ojú ti ọba gidigidi.

Ó ní, "Láti ọ̀la, àwọn ọmọ ni yóò máa ṣáájú. Kí ẹ sì yí ọ̀nà kúrò lórí kànga wọn."

Ẹfọ̀n kùn. "Kí ni yóò wá kù fún àgbà?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ dúró sí etí adágún, wọ́n mu, wọ́n kúrò. Erin wá tẹ̀ síwájú láti wo ohun tó kù. Omi mọ́ gaara, bẹ́ẹ̀ ni kò dín.

"Ẹfọ̀n, ṣé èyí náà ni gbogbo ohun tí wọ́n ń mu? Kí wá ni a ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí?"

Ìgalà ń wo ọmọ rẹ̀ tí omi ń kán lẹ́nu rẹ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, níbi tí àkọ́bí rẹ̀ ì bá dúró sí.