Ìwé Tí Leonila Kò Kà

“Leonila, báwo ló ṣe wá parí?”

Ìrẹsì ni Leonila ń bù sínú àwo nígbà tí bàbá rẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mang Usting, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá náà, ti fọ́jú láti ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó gbọ́ pé ṣíbí dúró.

“Kí ló parí, Bàbá?”

“Ìwé akọni wa ni. Àbí ìwọ kọ́ lo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá tó o ní o ti kà á tán? Inú mi dùn débi pé n ò rántí bínú sí ìyókù ọ̀rọ̀ tó o sọ.”

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1956 yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lórí rédíò. Àwọn aṣòfin ní Manila fẹ́ ṣe òfin pé dandan ni kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní Philippines ka ìwé ìtàn méjì tí akọni wọn kọ kí àwọn ará Spain tó yìnbọn pa á. Àwọn Fadá fárígá, nítorí ìwé náà kò dá àwọn Fadá ayé àtijọ́ sí. Fadá Urbano, tó ni ilé-ìwé tí Leonila ti ń ṣe tíṣà, ní kó bá àwọn ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Mísà. Leonila bá dìde, ó ní òun ti ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, díẹ̀ ló kù kí òun bì. Irọ́ gbuu ni. Ìwé pélébé olójú ewé mẹ́rin tí Fadá fún un nìkan ló kà. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ sì máa ń dùn.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà burú ni bàbá rẹ̀. Mang Usting kò mọ̀wé rárá. Kí ogun tó dé, ọjọ́ Sátidé ni àwọn ọkùnrin àdúgbò máa ń péjọ sí ṣọ́ọ̀bù Mang Kulas onígbàjámọ̀, tí akọ̀wé kóòtù kan á ka ìwé kìíní fún wọn ní èdè Tagalog. Ẹyin adìẹ kọ̀ọ̀kan ni owó ìgbọ́ràn. Ó ku ojú ewé díẹ̀ kó parí ni àwọn ṣọ́jà Japan wá mú akọ̀wé náà lọ. Òun àti ìwé rẹ̀, kò sí èyí tó padà. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ òpin rẹ̀, Mang Usting á na ọwọ́ sókè: “Ẹ má sọ ọ́ fún mi. Ọmọ mi ló máa kà á fún mi.” Ẹfọ̀n kan ṣoṣo tó fi ń túlẹ̀ ló tà kí Leonila lè kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Ọdún kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀ ẹ́, ọdún kọ̀ọ̀kan ni ọwọ́ Leonila ń dí.

“Wọ́n ṣègbéyàwó, Bàbá,” ni Leonila wí. “Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn àti ọmọbìnrin náà. Gbogbo ìlú ló jó.”

“Ìgbéyàwó? Lẹ́yìn gbogbo ìyà yẹn?” Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ọlọ́run ṣeun o.”

Ní Sátidé, ó fi ọ̀pá wá ọ̀nà lọ gẹrun. Kò pẹ́ tó fi padà wálé. Apá òsì orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n gẹ̀.

“Bàbá, kí ló dé?”

“Mo sọ fún wọn nípa ìgbéyàwó náà. Delfin ọmọ Kulas tó wà ní yunifásítì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Ìgbéyàwó wo, Bàbá? Ìgbéyàwó tiyín ni?’ Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ mi ló kà á. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ mi kì í purọ́. Wọ́n wá dákẹ́.” Ó wá àga, ó jókòó. “Ẹ̀rín yẹn ò dùn mí tó ìdákẹ́jẹ́ yẹn.”

Kò bi í léèrè bóyá ó parọ́. Ìbá bi í, ìbá bú u, ara ìbá tu Leonila díẹ̀. Ojú tì í débi pé kò lè wo orí bàbá rẹ̀.

Ó jáde, ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù Mang Kulas. Obìnrin kì í wọ ibẹ̀; bí wọ́n bá wá pe ọkọ wọn, ìta ni wọ́n ń dúró sí. Leonila wọlé.

“Mi ò ka ìwé náà,” ó wí. “Èmi ni mo tan bàbá mi jẹ. Òun kọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́.”

Delfin tẹ orí ba. Mang Kulas ń pọ́n abẹ rẹ̀ lára awọ bó ṣe ń dá a lóhùn.

“O ṣeun, tíṣà. Ṣùgbọ́n ṣé ibí lo ti sọ pé o kà á?”

“Rárá, sà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ni.”

“Ṣọ́ọ̀ṣì ò kúkú jìnnà.”

Ní ọjọ́ ìsinmi, Fadá Urbano pè é síwájú pẹpẹ kó wá ka lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Manila láti tako òfin náà. Àádóje ìyá ló ti fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ìka tẹ̀ ẹ́, nítorí tíṣà ní òun ti ka ìwé náà. Leonila mọ̀ pé iṣẹ́ òun yóò bọ́, iṣẹ́ náà ló sì ń ra ìrẹsì tí bàbá òun ń jẹ. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n ikú kò sí nítòsí. Ó ṣẹ́ lẹ́tà náà po láìkà á.

“Mi ò kà á,” ó wí. “Ìwé akọni wa. Mi ò ṣí i rí.”

Ìlà iwájú nìkan ló gbọ́. Obìnrin kan bo ẹnu.

“Leonila,” Fadá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, “lọ jókòó. Ó ti rẹ̀ ẹ́.”

Àyè ṣí sílẹ̀ fún un. Bó bá jókòó, ọ̀rọ̀ tán. Ó ti ń yí padà nígbà tí ohùn kan ké láti ẹnu ọ̀nà, níbi tí àwọn ọkùnrin máa ń dúró sí.

“Leonila, a ò gbọ́ ẹ níbí o!”

Bàbá rẹ̀ ni. Leonila kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó sì fi igbe tún ọ̀rọ̀ náà sọ.